Ẹnu Tí Mo Yá Arẹwà

Bí ẹ bá ti wá sí ìsìn àkànṣe ní ìjọ wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún rí, ẹ ti gbọ́ ohùn mi. Èmi Adétúnbọ̀ ni ògbufọ̀ ibẹ̀. Oníwàásù á sọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá, èyí tí mo bá sọ ni ìjọ máa ké halelúyà sí. Bí ẹnì kan bá ní "Ọlọ́run dára," kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọ, ó ti di òwe méjì àti orin kan. Mi ò ka ìyẹn sí irọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń dá ara mi láre.

Dinah ìyàwó mi ni nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa. Fíríìjì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ níbẹ̀ ti kú láti ìgbà òjò èṣí. Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, Dinah á gbé kúlà gun ọ̀kadà, á lọ gba ìwọ̀nba abẹ́rẹ́ wá láti ibi tí iná wà. Nígbà mìíràn yìnyín á ti yọ́ kó tó dé. Nígbà mìíràn wọn ò ní fún un rárá. Àwọn ìyá tó wá láti Ire àti Òkè-Ìlá á pọn ọmọ wọn padà sílé. Ohun tí Dinah ń fẹ́ láyé yìí kò ju fíríìjì tó ń lo sólà lọ.

Ọdún ìbò wá dé. Ẹgbẹ́ òṣèlú wa fẹ́ yan ẹni tí yóò du ipò ààrẹ, aṣojú mẹ́ta ni Ìlá sì máa rán lọ dìbò ní Àbújá. Àlàájì Àlàó, tó ni àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ná Òkè-Ìlá, ni olórí wọn. Ibi tó bá kọjú sí ni àwọn méjì yòókù ń kọjú sí. Olùdíje méjì fẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan náà, kò sì sí èyí tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn. Ta ni wọn ò bá tún pè bí kò ṣe èmi?

"Bàbá Dámisọ́lá, ẹ jọ̀ọ́," Dinah bẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, "ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fíríìjì sọnù."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ dé ní aago mẹ́wàá gan-an tí wọ́n dá. Ìyẹn nìkan ti tó láti bà á lórúkọ jẹ́. Ọkùnrin kúkurú ni, kóòtù rẹ̀ tóbi jù ú lọ, ó sì di ìwé gbàgìdì mọ́ àyà. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Oníbébà kó tó jókòó. Kò kọrin, kò ṣàwàdà. Ó wúkọ́, ó béèrè pé fíríìjì abẹ́rẹ́ mélòó ló ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí. Dinah nìkan ló dáhùn, ó ní ti òun ti kú. Oníbébà béèrè ìgbà tó kú, ó béèrè iye ọmọ tó ń wá lóṣù, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí òun bá wọlé, iṣẹ́ tí òun máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, ó sì ṣí ojú ìwé tó kọ ọ́ sí fún wa.

Ṣé ẹ rí i, ohun tí à ń wá kiri ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé yẹn. Kí ni mo ṣe? Ọkùnrin náà sú mi. Kò sí ibi tí ògbufọ̀ lè ki ẹnu bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bá ń fa ohùn bíi tirẹ̀, mo ń wúkọ́ níbi tó bá ti wúkọ́: "Ó ní... ẹ̀hẹn... fíríìjì yín ńkọ́?" Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Oníbébà rò pé tòun ni wọ́n gbọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́ gidigidi.

Ẹnì kejì dé ní aago méjì. Àwọn tó ti ń ráhùn láti ọ̀sán wá ní ẹni ńlá ló máa ń pẹ́. Ó ga, eyín rẹ̀ funfun, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bó ṣe rí Àlàájì báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ tòun ti léèsì funfun. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá! Omi bọ́ lójú Àlàájì. Àwọn obìnrin ń pariwo "Arẹwà! Arẹwà!" orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló sọ: òun fẹ́ràn wa, ọ̀la á dára, òun máa wo gbogbo ohun tí a ń fẹ́.

Èmi fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún túmọ̀ rẹ̀. Mo ki Ọ̀ràngún, mo ki Ìgbómìnà tọmọ tọmọ. "Máa wò" yẹn wá rù lójú mi, mo bá fi ẹran sí i lára. "Ó ní kí ọdún tó yí po, fíríìjì mẹ́wàá! Mẹ́wàá, fún Ìlá nìkan!" Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Arẹwà kò mọ ohun tí wọ́n ń yọ̀ sí, àmọ́ ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní í fetí sí Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Yorùbá bá dùn tó yẹn? Dinah nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Níbo ló ti sọ mẹ́wàá?" ó bi mí nílé.

"Mo kàn ràn án lọ́wọ́ ni. Jẹ́ kó wọlé ná, á ṣe é."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tó béèrè ìgbà tí fíríìjì mi kú, òun lẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá Àlàájì ní gáréèjì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ọ̀rọ̀ Oníbébà rò.

"Túnbọ̀, ṣé o rí kóòtù yẹn ṣá?" ni Àlàájì wí. "Bó bá dúró láàárín àwọn ààrẹ ayé, wọ́n á ní kó lọ bu omi wá. Ààrẹ gbọ́dọ̀ kún ojú! Èkejì dọ̀bálẹ̀ fún mi. Wálláhì, ọmọ tí mo bí gan-an, ìdúró ló fi ń kí mi. Ó sì mọ̀rọ̀ sọ! Ṣé o gbọ́ bó ṣe ki Ìgbómìnà?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Àmọ́ ìyìn náà dùn létí mi jù. "Mo gbọ́, sà," ni mo wí, mo sì bá tèmi lọ.

Ìbò méjì ni Arẹwà fi borí ní Àbújá. Mẹ́ta ni Ìlá fún un. Ẹ ṣírò ìyókù fúnra yín.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n tún pè mí. Dinah gbé kúlà rẹ̀ tó ṣófo wá. Ó dìde láàárín èrò, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìgbà tí fíríìjì mẹ́wàá máa dé. Arẹwà wo àwọn tó tẹ̀ lé e, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ò dárúkọ fíríìjì rí láyé òun. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi.

"Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí," ni mo wí. "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo fi kún un. Oníbébà ló fẹ́ fún wa ní fíríìjì, èmi ni mo sì fi í ṣẹ̀sín."

Àlàájì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọlúwàbí! Ó ń ru ẹ̀bi ọ̀gá rẹ̀! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un jàre!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Arẹwà rí i pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó jó díẹ̀ fún wọn, ìpàtẹ́wọ́ náà sì di ariwo. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, Dinah ti gbé kúlà rẹ̀ jáde.

Kò bá mi jà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó jẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́, ó kàn ní kí n tẹ̀ lé òun. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀rọ̀ sọ," Dinah wí fún mi. "Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo la ẹnu. Mo wá òwe, mi ò rí. Mo wá orin, mi ò rí.

"Kò sí abẹ́rẹ́," ni mo wí.

Ràfíátù, aránṣọ kan láti Òkè-Ìlá, gbójú sókè. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó máa wá nìyẹn. Ó yíjú sí àwọn yòókù.

"Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ohùn yìí náà kọ́ ló ní mẹ́wàá ń bọ̀?"

Mo ní òun náà ni. Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì jáde lọ dúró de ọ̀kadà nínú oòrùn.