Àlàájà Ẹ̀pẹ́

Fóònù ṣì wà létí Kúlúsúmù, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń sọ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró sí i lọ́kàn: ọkọ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ ní Ìtọ́íkìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Balqees ń pariwo. "Awakọ̀ ti ní ká bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ ló kún fọ́fọ́. Mi ò lè bá yín lọ mọ́ o. Ẹ wá ẹnì kan ní Ìkòròdú níbẹ̀ kó tẹ̀ lé yín."

"Ta ni?"

Balqees náà mọ̀ pé kò sí ẹni tó gbọ́ sí i.

Kúlúsúmù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ti wọ aṣọ alápá gbẹ̀rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè rí iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Wọ́n ti yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n ní ó lè gba oògùn tuntun náà. Ohun kan ló kù, nọ́ọ̀sì sì ti tẹnu mọ́ ọn dáadáa: "Ti àkọ́kọ́ yìí, ẹ mú èèyàn wá o. Tí ẹ bá dá wá, a ò ní fà á sí yín lára."

Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló ṣàlàyé oògùn náà fún un. Ó ní kímò, oògùn jẹjẹrẹ tó ti gbà tẹ́lẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò ló ń kàn, ìdí nìyẹn tí irun àti èékánná rẹ̀ fi jẹ nínú ìyà náà. Tuntun yìí, ó ní, ó mọ ilé tó ń lọ, orúkọ onílé gan-an ló máa pè. Kúlúsúmù rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó délé ni ojú tó wá tì í. Oògùn lásán mọ orúkọ ẹni tó ń wá, gbogbo àdúgbò Lásúnwọ̀n sì ń pe òun lórúkọ tí òun kì í jẹ́.

Onídìrí ni Kúlúsúmù. Obìnrin tó bá fẹ́ ṣùkú tó dúró ṣánṣán ní Lásúnwọ̀n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé orí lọ. Nígbà tí dókítà ní jẹjẹrẹ ló wà nínú ọmú òsì rẹ̀, tó sì ní irun rẹ̀ máa re, ikú kọ́ ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ta ló máa fi orí fún onídìrí tí orí tirẹ̀ pá? Ohun tó rò nìyẹn, kí Ọlọ́run má bínú sí i. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Mubashir ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lókè Ọya níbi tó ti ń sin ìjọba. Kò sọ fún un. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ní òun ń rìnrìn àjò, kí wọ́n fi àdúrà ran òun lọ́wọ́, ó bá gba ilé Balqees lọ ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi gé ọmú náà, tó sì fi gba kímò tán.

Ẹ ò rí ayé! Àsìkò tó lọ yẹn gan-an ni àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ń gbéra ní Ìkòròdú. Ìgbà tó máa padà dé, ìbòrí rẹ̀ ti gùn dé orúnkún, ara rẹ̀ ti gbẹ, ojú àti èékánná rẹ̀ ti dúdú. "Oòrùn Mẹ́kà mà kúkú pa ẹ́ o!" ni àwọn ará àdúgbò ń wí. Àwọn kan tilẹ̀ mọ ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó dúró ṣòwò góòlù ní Jẹ́dà ni. Kúlúsúmù kò sọ pé òun lọ, kò sì sọ pé òun ò lọ. Bí wọ́n bá pè é ní Àlàájà, á kàn ní "Hùn-ún."

Ti Ṣùkúrátù ló wá burú jù. Ṣùkúrátù, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe kéú ní kékeré, "ìwọ" ni wọ́n sì ń pe ara wọn láti ìgbà náà. Ọjọ́ tó dé láti Ẹ̀pẹ́ ni Ṣùkúrátù kúnlẹ̀ fún un. "Àlàájà, ẹ kú àbọ̀. Kí Ọlọ́run gba Háàjì yín." "Ẹ" yẹn gún un láyà, kò sì yé gún un lójoojúmọ́ ayé.

Ìyá Ṣùkúrátù ń ṣàìsàn nígbà náà ní Ìpakodò, kò lè dìde mọ́. Ṣùkúrátù wá bá a, ó ní, "Àlàájà, ẹ dákun, omi Sàmúsàmù díẹ̀. Ìyá ní kí àwọn ṣáà fi omi kànga Mẹ́kà kan ètè kí àwọn tó lọ." Ó lè sọ pé ó ti tán. Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀? Títí dòní, kò mọ̀. Ó wọ yàrá, ó já omi inú ọ̀rá kan, ó dà á sínú ìgò kékeré, ó gbé e jáde. Ọwọ́ méjèèjì ni Ṣùkúrátù fi gbà á. Ìyá mu ún, kò sì pẹ́ sígbà náà tí ó fi jáde láyé.

Ta ló wá kù tí yóò bẹ̀ báyìí? Àwọn yòókù á kẹ́dùn, wọn á sì rò ó káàkiri àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùkúrátù nìkan ló lè pa iṣẹ́ tì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò sí bí Ṣùkúrátù ṣe máa dé ọsibítù kí àṣírí má tú. Kúlúsúmù ronú kan pé kí òun kúkú jókòó sílé. Ó fọwọ́ kan ibi tí ọmú wà tẹ́lẹ̀, ó sì dìde. Ó fẹ́ wà láàyè.

Ó bá Ṣùkúrátù níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbálẹ̀, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àlàájà, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí o?" Ó ti ń tẹ orúnkún.

"Má kúnlẹ̀ fún mi, Ṣùkúrátù."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò lọ Mẹ́kà. Ẹ̀pẹ́ ni mo lọ. Jẹjẹrẹ ló mú mi, wọ́n ti gé ọmú mi kan. Òní ni wọ́n fẹ́ fa oògùn tuntun sí mi lára ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn ò sì ní ṣe é bí mi ò bá mú èèyàn dání."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ṣùkúrátù. "Yéè! Mo gbé!" Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bọ̀ wá gbá a mọ́ra. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó dúró. Kúlúsúmù rí i lójú rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti dé ibi ọ̀rọ̀ omi.

"Omi yẹn ńkọ́?"

"Omi inú ọ̀rá ni."

Ṣùkúrátù wò ó títí. Kò bú u. Ì bá tilẹ̀ bú u! Ó mú ìgbálẹ̀ nílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Kúlúsúmù dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò lọ́jà, nígbà tó yá, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Èbúté.

Ó ti pinnu pé òun máa bẹ obìnrin yòówù tó bá jókòó ti òun nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n há jákẹ́ẹ̀tì pupa fún àwọn èrò kí wọ́n wọ̀ ọ́, nítorí omi. Tirẹ̀ kò ṣeé dè. Ìka rẹ̀ ti kú tipiri láti ìgbà kímò, ìka tó ń di irun tín-ín-tín tẹ́lẹ̀; apá òsì jákẹ́ẹ̀tì náà sì ń jìn wọlé níbi tí kò ti sí nǹkan kan. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bojú tó èrò ń kánjú, ó ní, "Màmá, ẹ dè é ká máa lọ!" Gbogbo ọkọ̀ ń wò ó. Ojú tì í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbé apá sókè." Ẹnì kan na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó di okùn náà fún un. Kò sọ pé "ẹ gbé apá." Kúlúsúmù bojú wẹ̀yìn. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn Ṣùkúrátù.

"Ṣùkúrátù, o ṣé…"

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì dárí jì ẹ́."

Ní àárín ọ̀sà, Ṣùkúrátù ní, "Gbogbo ìdájí ni Ìyá ń ṣàdúrà fún ẹ títí tí wọ́n fi kú. 'Ọlọ́run, fún ẹni tó fún mi lómi ní àlàáfíà ara.' Lójoojúmọ́! Ìwọ náà wá rò ó wò." Ó yíjú sí omi. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kúlúsúmù kò láyà láti fọwọ́ kàn án.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì rí ìbòrí gígùn. "Àlàájà, ẹ máa bọ̀ níbí."

"Mi ò dé Mẹ́kà rí, nọ́ọ̀sì. Kúlúsúmù ni kí ẹ máa pè mí."

"Kò burú. Ta lẹ mú wá?"

"Èmi ni," Ṣùkúrátù dáhùn.

"Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

"A jọ ṣe kéú ni."

Nọ́ọ̀sì ní kó ṣí ìbòrí, kí àwọn lè máa rí ojú àti ọrùn rẹ̀, bóyá ara rẹ̀ máa lé nígbà tí oògùn bá ń wọlé. Ó ṣí i. Irun tuntun ti ń yọ, ó rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ṣùkúrátù wò ó látòkè délẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí náà lẹ́ẹ̀kan.

"Èyí ò tíì tó ṣùkú dì," ó ní.

Ẹ̀rín já mọ́ Kúlúsúmù lẹ́nu, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọlé. Ó ní kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ṣùkúrátù tọwọ́ bọ báàgì, ó yọ omi inú ọ̀rá kan, ó fi eyín já etí rẹ̀.

"Kò ti Mẹ́kà wá o, Àlàájà Ẹ̀pẹ́. Mu."

Kúlúsúmù gbà á. "Bísímílà." Omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn bí ọ̀rá, bó ṣe máa ń rùn. Ó gbé e mì, ó dúró. Irú omi tí Ìyá ń mu lójoojúmọ́ ní Ìpakodò nìyí.

"Kí ni Ìyá sọ lọ́jọ́ tí wọ́n mu ún?"

"Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí n má tún lọ yọ ẹ́ lẹ́nu fún òmíràn." Ṣùkúrátù ń ká téèpù mọ́ ìka. "Wọ́n ní ṣé ara ọ̀rẹ́ mi le ṣá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà…"

Téèpù dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá mọ̀," ó ní, àwọn méjèèjì sì wo ara wọn.

Ṣùkúrátù gba ọ̀rá omi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ìyókù.