Kí Wọ́n Tó Da Kọnkéré

"Fi 'ẹ kú ìnáwó ilé' sí i," ni ìyá rẹ̀ wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹni tó ń kọ́lé, kí la tún fẹ́ fi kí i?"

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ fi í sí i. Ó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ó kọ òmíràn, ó wá ka gbogbo rẹ̀ sókè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú àmójútó, ẹ kú ìnáwó ilé. Mo ní kí n rọra bi yín bóyá ẹ ti ráyè wo ìwé tí mo fi ránṣẹ́. Kò sí ìkánjú, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Èmi ránṣọ títí mo fi hewú, mi ò pariwo mọ́ oníbàárà rí."

Ó tẹ fóònù, ọ̀rọ̀ lọ. Ó kì í sábẹ́ itan bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Àwòrán ilé ni obìnrin náà ń yà. Ó ti fi ọ́fíìsì tó wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó ń dá iṣẹ́ ṣe nínú yàrá tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Fóònù ló fi ń bá oníbàárà àti bíríkìlà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Àwọn bíríkìlà ló sọ ọ́ ní Àǹtí Pẹ̀lẹ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

Ẹni tó ń kí yìí, Ọ̀gá Tíṣà ni wọ́n ń pè é, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bàbá náà ló ń júwe Àǹtí Pẹ̀lẹ́ fún ẹbí àti ojúlùmọ̀. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, bóyá ni iṣẹ́ ìbá máa wọlé. Ó ní kí wọ́n yọ òpó tó wà láàárín pálọ̀ kúrò, òun ò fẹ́ kí àlejò òun máa yọjú lẹ́yìn òpó bí ọmọdé tó ń ṣeré bojúbojú. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ yọ ọ́. Bí òpó bá ti kúrò, bíìmù, ìyẹn kọnkéré gbọọrọ tó ń gbé òkè ró, gbọ́dọ̀ nípọn, kí irin inú rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ó ya ìyẹn náà. Àmọ́ nígbà tó máa fi í ránṣẹ́, bíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ló ṣèèṣì fi ránṣẹ́. Bíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí òpó: lọ́jọ́ kan, òkè á já lu àwọn tó jókòó nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn tó fi ìwé náà ránṣẹ́ tán ló rí àṣìṣe náà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sọ ọ́, Ọ̀gá Tíṣà ò ní júwe òun fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù tó ju ìyẹn lọ ń bà á pé bí òun ò bá sọ ọ́, èèyàn á kú. Ó wá ń dọ́gbọ́n: ó ń kí bàbá náà ṣáá, bóyá á béèrè nǹkan kan nípa ìwé náà, kí òun lè rọra sọ pé òun ti tún apá kan ṣe. Ó sì ń tan ara rẹ̀ pé wọn kò tíì kọ́lé dé òkè.

Fóònù dún. Èsì Ọ̀gá Tíṣà ló wọlé:

"Ọmọ mi, mo rí gbogbo ìkíni rẹ. Ìwé dára, kò sí àléébù. Wọ́n ti to irin, wọ́n sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré òkè báyìí. Ìwọ náà á kọ́ tìrẹ."

 Àǹtí Pẹ̀lẹ́ tún un kà, bóyá ọ̀rọ̀ á yí padà.

"Kí ló wí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ó ní ìwé dára."

"Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ fún ẹ?"

"Màmá, ìwé yẹn ò dára." Ó wá tú gbogbo rẹ̀ jáde, òpó, bíìmù, àti bí òun ṣe ń bẹ̀rù láti sọ ọ́.

Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "O ti ń kí bàbá yìí láti ọjọ́ yìí, o ò sì sọ nǹkan tó wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa rọra."

"Mo ní kó o rọra sọ ọ́. Mi ò ní kó o má sọ ọ́. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Dìde, ìyá mi. Dìde."

Ó pe Ọ̀gá Tíṣà, kò gbé e. Ó tún pè é lórí alùpùpù tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé náà, títí ó fi sọ̀ kalẹ̀, kò gbé e. Ìgbà tó débẹ̀ ló rí ìdí rẹ̀: ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ń ké kíkankíkan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé kọnkéré gòkè lórí pákó. Ọ̀gá Tíṣà jókòó sórí àga oníke, ó fi fìlà bojú nítorí oòrùn. Ìyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ òkè náà gan-an, láàárín àwọn igi tí wọ́n fi gbé e dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí àga ìjókòó máa wà.

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú àmójútó, ẹ kú—"

"O tún wá kí mi dé ibí?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó pariwo sí ìyàwó rẹ̀. "Ọmọ tí mo ń sọ fún ẹ nìyí. Ilé tó ti jáde, wọ́n kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́."

Òṣìṣẹ́ kan tún gbé kọnkéré kọjá. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ nawọ́ sí i.

"Sà, ẹ ní kí wọ́n dúró."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ dá wọn dúró!" Kò mọ̀ pé òun ní irú ohùn yẹn. "Bíìmù yẹn ò lè gbé òkè yìí. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

Ọ̀gá Tíṣà gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí n tó fi ìkíni àkọ́kọ́ ránṣẹ́, sà."

Bàbá náà dìde lórí àga. Ó yíjú sí pálọ̀. "Ìyàwó mi," ló wí jẹ́jẹ́, "jáde níbẹ̀."

Ìyàwó náà jáde, ó ń wo ojú àwọn méjèèjì. Bíríkìlà yọjú láti òkè, ó ní ohun tí àwọn ti dà kò pọ̀, ó ṣì tutù, àwọn lè kó o kúrò. Ọ̀gá Tíṣà ní kí wọ́n kó o.

"Ṣé ohun tó o ń bá mi sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

"Rárá, sà. Ohun tó yẹ kí n máa bá yín sọ nìyẹn."

"Àbúrò mi náà fẹ́ kọ́lé. Mo ti sọ fún un pé ìwọ ló máa yà á." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún dé e. "Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un báyìí. Ìwé tuntun tó o bá mú wá, ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé kí n máa retí ìpè yín?"

"Ìwọ ni kó o pè mí. Lọ́la, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan símẹ́ǹtì. Tó o bá sì pè, má kí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ sọ."

Láti ọjọ́ tó ti dáyé, àgbàlagbà kankan kò sọ irú rẹ̀ fún un rí. "Ẹ ṣé, ẹ kú sùúrù" ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ẹ̀rù ṣì ń bà á nígbà tó dìde. Ó gbójú sókè sí bíríkìlà.

"Ẹ gbé àkàbà yẹn wá," ló wí. "Mo fẹ́ gòkè wá wo irin yẹn fúnra mi."