Ẹ Kú Ìrọ́jú Tòlótòló

Oṣù kẹfà ni Dympna Tierney ra ọgbọ̀n ọmọ tòlótòló, ó sì kéde fún gbogbo wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé kò sí òtẹ́ẹ̀lì kankan tí yóò bá òun se oúnjẹ ìgbéyàwó ọmọ òun. Attracta, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Birmingham, ó sì ń bọ̀ wálé wá ṣègbéyàwó lẹ́yìn Kérésìmesì. Dympna ní láti inú ọgbà òun ni ẹran máa ti wá, òun ló máa fọwọ́ ara òun sìn ín, kí ọkọ òun tó ti kú lè mọ̀ pé òun ò fi ọmọ àwọn sílẹ̀ fún àwọn onílé oúnjẹ. Gbogbo ará Drumaveel, abúlé wa, ló pè síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹran tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹnu tiwa gan-an ló ń bọ̀.

Dympna kì í ṣe ẹni tí ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sin tòlótòló láyé ọjọ́un, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé tòlótòló àti adìẹ ò gbọdọ̀ gbé orí ilẹ̀ kan náà. Nítorí náà ó pa gbogbo adìẹ tirẹ̀ jẹ tán kí oṣù karùn-ún tó parí, ó sì kan ilé pákó tuntun sí pápá òkè níbi tí ẹsẹ̀ adìẹ ò tẹ̀ rí. Ẹyin sísè àti èsìsì tó gé wẹ́wẹ́ ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ náà, omi mímọ́ ni wọ́n ń mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mi ò mọ ọmọ èèyàn tó rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní Drumaveel, kí n má tan yín.

Ní oṣù kẹjọ, ọ̀kan nínú wọn wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀. Ó lọ dúró sí igun, ó dijú, kò jẹun, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú. Lọ́jọ́ kejì ó kú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mẹ́ta ti tẹ̀lé e.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí nǹkan bá kú fún èèyàn, à ń lọ ni. Ìbáà ṣe bàbá rẹ̀, ìbáà ṣe màlúù rẹ̀. A kì í ránṣẹ́, a kì í sì í dúró sí géètì. A ó wọlé, a ó ní, "Kú ìrọ́jú o, Dympna," a ó lọ wo òkú, a ó wo àwọn tó ṣẹ́ kù, a ó wá padà sí kíṣìnì lọ mu tíì. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ọdún á fi yí po, èmi náà á sì wà lára àwọn tí ń sọ ọ́.

Èmi Concepta ni mo kọ́kọ́ dé, torí ilé mi ló sún mọ́ ọn jù. Packie Gilsenan ló tẹ̀lé mi, ọkùnrin kan tó mọ ìdí ohun gbogbo láyé yìí àyàfi ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lọ sí ilé ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àárín àwọn adìẹ rẹ̀ ló ti ń kó ìgbẹ́ nígbà tó gbọ́, kò sì dúró pààrọ̀ ohunkóhun, nítorí ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn kì í fẹ́ ìdúró. Ó wọ inú ọgbà àwọn tòlótòló lọ tààrà, ó gbé ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ ìdí rẹ̀, ó sì wò ó títí bí ẹni tó gboyè nínú ìdí tòlótòló. Ó ní àrá ni. Ó ní àrá tó sán lọ́jọ́ Ajé ló dà wọ́n lọ́kàn rú.

Philomena, tí ó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, ní kì í ṣe àrá, ojú burúkú ni. Ẹnìkan ti wò wọ́n, kò sì sọ pé kí Ọlọ́run bù kún wọn. Ó ní òun ò ní dárúkọ. Nígbà tó mu tíì ife kejì, ó dárúkọ. Ẹni náà sì wá kẹ́dùn lọ́jọ́ kejì, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó gun òkè lọ wo àwọn tòlótòló, ó sì sọ fún wọn ní ohùn rara pé kí Ọlọ́run bù kún wọn. Méjì mìíràn kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Dympna bá pe dókítà ẹran. Ọmọkùnrin kan báyìí ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, tí etí rẹ̀ tóbi. Ó la òkú kan, ó fi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ han Dympna, àpá róbótó-róbótó ló wà lára rẹ̀. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń da tíì, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Ó ní, "Adìẹ mélòó lẹ ní, mà?"

"Mi ò ní ìkankan. Mo ti pa wọ́n jẹ."

"Ta ló ń wá sídìí àwọn tòlótòló yìí?"

"Ẹnikẹ́ni kì í wá."

Mo gbọ́ ọ ketekete, kò sì dún bí irọ́ létí mi rárá. Dókítà họrí. Ó ní ara adìẹ ni àrùn yìí ti ń wá, òun ò wá mọ bó ṣe débi tí adìẹ ò sí. Ó kó oògùn sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ilé pákó náà lọ sí ìhà kejì pápá, bóyá ilẹ̀ ló ń ṣe wọ́n.

Obìnrin kan ò lè dá ilé pákó gbé. Nítorí náà gbogbo wa lọ bá a gbé e. Àwa mẹ́jọ la fi ẹsẹ̀ wa tẹ ilẹ̀ tuntun náà pẹrẹsẹ fún àwọn tòlótòló, ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ náà dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ikú tún bẹ̀rẹ̀, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi parí, nínú ọgbọ̀n, mọ́kànlá ló kù.

Dókítà padà wá ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn Máàsì, láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá èèyàn méje nínú ọgbà tòlótòló. Packie gbé ọ̀kan sápá.

Ọmọkùnrin náà wo Dympna. "Ẹ ní ẹnikẹ́ni kì í wá."

"Ẹnikẹ́ni kì í wá," Dympna dáhùn, ọ̀rọ̀ náà sì yà á lẹ́nu. "Àwọn ará àdúgbò nìkan ni."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ fún Packie pé kó gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹṣin, ó fi ọ̀bẹ họ ìsàlẹ̀ bàtà òjò rẹ̀. Ó béèrè àwọn tó ní adìẹ nílé nínú wa. Gbogbo wa nawọ́. Ó wá ṣàlàyé fún wa pẹ̀lú sùúrù pé ẹyin aràn kan wà nínú ìgbẹ́ adìẹ, pé kì í ṣe adìẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n pípa ló ń pa tòlótòló, bàtà èèyàn sì lè gbé e dé ibikíbi. Ó ní kí Dympna ti géètì.

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dùn wá tó. Packie ní òun mọ ìyá tó bí dókítà yìí, ẹyin adìẹ ló fi tọ́ ọ, kò sì kú. Philomena ní òun fọ bàtà òun lọ́jọ́ Àjíǹde. Èmi kàn wo bàtà Packie, mo sì dúpẹ́ pé tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbé e sókè wò.

Dympna fi ṣéènì sí géètì ní ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó fi ṣéènì sí géètì rí ní Drumaveel, nítorí náà, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ti kárí pé nǹkan burúkú ti ṣe Dympna. Bóyá ó ti ṣubú. Bóyá ó ti kú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. Àwa mẹ́sàn-án la gun ògiri òkúta wọlé, a gba pápá tòlótòló nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ló yá jù.

Dympna dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń wò wá bí a ṣe ń bọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń pa wọ́n. Kì í ṣe àrá, kì í ṣe ojú. Ẹ̀yin náà ni. Oúnjẹ ìgbéyàwó ọmọ mi lẹ ń pa jẹ kó tó jinná. Ẹ lọ sílé yín."

Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn lè wà láyé fún ọgọ́rin ọdún kó má gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójúkojú. A ní òótọ́ ló sọ. A ní ó jàre. A ò tilẹ̀ mu tíì, a yí padà, a lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì ká wa lára débi pé, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oníkálùkù dìde lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Márùn-ún ló kú lẹ́yìn àforíjì náà. Ó ku mẹ́fà.

Dympna wá lọ bá Fadá. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí Fadá ti ka orúkọ àwọn òkú àti ti àwọn tó ń ṣàìsàn, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn Dympna Tierney nínú wa, kó má ṣe débẹ̀ mọ́ títí di Kérésìmesì. Ogún ọdún ló ti ń wàásù fún wa nípa ọtí, òfófó àti owó ìjọ, a ò gbọ́ ọ̀kan rí. Èyí tí a gbọ́ nìyí. Kò sẹ́ni tó tún tẹ ọ̀nà ilé Dympna.

Mi ò ní parọ́, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló mú wa gbọ́ràn. Inú ń bí wa. A fẹ́ kó mọ bí ayé ṣe máa ń rí láìsí wa. Bó bá jáde Máàsì, a ó kí i láti òkèèrè, a ó wo ẹsẹ̀ wa, a ó ní a ò fẹ́ kó àrùn bá a. Onílẹ́tà ń ju lẹ́tà gba orí ṣéènì wọlé. Oníbúrẹ́dì sọ fún mi pé Dympna ń dúró de òun lẹ́nu géètì nínú òjò, ó sì ń bi òun léèrè nípa àwọn ará ilé òun lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò mọ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Nígbà tó lọ tán, mi ò lè jẹ búrẹ́dì náà.

Àwọn tòlótòló mẹ́fà ń sanra. Kò sí èyí tó kú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n tó ìgbéyàwó ọ̀hún ṣe, wọ́n tiẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo rí Dympna tó ń gba àárín àwọn adìẹ mi bọ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ìgbẹ́ àti ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó bọ́ bàtà òjò rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí.

Mo gbé kẹ́túlù kaná. Ẹ̀rù bà mí pé Attracta ló kú.

Ó ní, "Concepta, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ Àìkú. Àwọn tòlótòló ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọn ò ní nǹkan kan láti sọ nípa ẹnikẹ́ni."

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyàwó Packie ti lọ sílé ìyá rẹ̀, ó sì kó ìkòkò lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo sọ ẹni tó lóyún àti ẹni tí kò mọ̀ pé òun la fura sí. Mo sọ bí Philomena ṣe ṣubú lórí pẹpẹ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Dympna rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé aṣọ bojú, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Wákàtí mẹ́ta ló lò. Ó jẹ búrẹ́dì mi tán pátápátá.

Nígbà tó dìde, mo tẹ̀lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Korobá omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, nítorí látìgbà tí Fadá ti sọ̀rọ̀ ni mo ti gbé e síbẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i pé mo ní in. Dympna ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀. Ó wo korobá náà. Èmi náà wò ó. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ló wà lórí wa méjèèjì, kò sí èyí tí a gbàgbé.

Mo yanu pé kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá fọ bàtà rẹ̀, ó máa ti géètì rẹ̀ nìyẹn, ó sì di Kérésìmesì. Inú mi dùn jù pé ó wá.

Ó ní, "Ṣé wàá yà lọ́la?"

"Màá yà."

"Mú Philomena dání. Mo fẹ́ gbọ́ ti pẹpẹ yẹn lẹ́nu òun fúnra rẹ̀."

Ó gba àárín àwọn adìẹ mi kọjá, ó gun òkè lọ sí pápá rẹ̀ lọ bọ́ àwọn tòlótòló. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ la jẹ níbi ìgbéyàwó Attracta. Àárín wa ni Dympna jókòó sí, oúnjẹ tirẹ̀ tutù mọ́ inú àwo, nítorí ọ̀rọ̀ ló ń sọ.