Fọ́tò Màmá Lápá Òsì

Kúnbi ń ro ògì lórí iná ní Alápẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Alhaji Abdulkabir ló ń pè láti Ṣakí, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀. Ẹni tó máa ń kí èèyàn títí tí etí á fi kún ni wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí wọn ò kí i, wọn ò béèrè ọmọ. Ẹkún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

“Ìyàwó wa, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ìgbà wo ni Ìyá Sẹ̀kínát kú tí ẹnì kankan nínú yín ò pè mí?”

“Háà! Màmá wà láyé o, sà. Alẹ́ àná la sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.”

“Kí ni fọ́tò wọn wá ń ṣe láàárín àwọn tó ti kú lórí ibi tẹ́ ẹ kó wa sí yẹn?”

Bàbá náà fọn imú. Nígbà tó wá yé wọn pé lásán làwọn sunkún, inú bí wọn ju ti ẹni tí wọ́n kú fún lọ, wọ́n sì pa fóònù. Ògì ti di kókó lórí iná.

Kúnbi ló kó wọn síbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ Ilé Olóyin, ìyẹn ilé ọkọ rẹ̀, ti fọ́n ká: òmíràn wà ní Ìkòsì, òmíràn ní Kánò, àwọn kan ti dé Kánádà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí lóde ò mọ ojú bàbá àgbà wọn. Ni Kúnbi bá ṣí bulọ́ọ̀gì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé náà, ó ń gba fọ́tò jọ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní. Ó tò wọ́n tìfẹ́tìfẹ́. Àwọn tó ti lọ wà lápá òsì, àwọn tó wà láyé wà lápá ọ̀tún, àyè funfun sì wà láàárín. Lókè pátápátá, bàbá ọkọ rẹ̀ dé fìlà abetí ajá lápá òsì, Màmá sì wà lápá ọ̀tún, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni tó ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, Sẹ̀kínát, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, á gbé Màmá wá láti Ìkòsì kí wọ́n lè wò ó. Màmá ò kàwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn ní ọ̀tún àti òsì. Wọ́n á kí àwọn ti apá òsì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá yí sí apá ọ̀tún, wọ́n á máa fi àwọn alààyè ṣẹ̀fẹ̀. Òní gan-an sì ni ìparí oṣù.

Kúnbi ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìkéde kan wà lókè tó ń sọ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín pé wọ́n ti sọ ẹ̀rọ bulọ́ọ̀gì náà di tuntun lóru, kí iṣẹ́ lè túbọ̀ rọrùn fún un. Ẹ wá wo ìrọ̀rùn! Gbogbo fọ́tò ló ti ya bo apá òsì, alààyè àti òkú. Wọ́n há Màmá mọ́ àárín ọkọ wọn àti ìyálé wọn tó ti kú tipẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún àwọn tó ti lọ sì bọ́ sábẹ́ àgbọ̀n wọn: “Wọ́n re ibi àgbà ń rè.”

Ara Kúnbi tutù. Ká ní ọmọ bíbí inú Màmá ló ṣe é, wọ́n á ní àṣìṣe ni. Ìyàwó ilé ló ṣe é. Ìyàwó ló gbé ìyá ọkọ sáàárín òkú, gbogbo ẹbí sì rí i. Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ àlàyé kọ̀ǹpútà? Ó sì fẹ́ràn Màmá, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Muideen ọkọ rẹ̀ tó lè bá a bẹ ẹ̀bẹ̀ ti gbé yanrìn lọ sí Ìṣẹrí Olówóra, kì í sì í gbé fóònù tó bá ń wakọ̀.

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Òsì. Ó nu gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà kó pamọ́ kúrò, ó ṣí i lórí fóònù. Òsì náà ni. Ló bá pe Clara. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń tẹ ìwé ìgbéyàwó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Kétu nígbà tí wọn ò tíì lọ́kọ, Clara sì ti di ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ́bù fún ṣọ́ọ̀ṣì.

“Báwo lo ṣe gbé àwọn picture yẹn sí right tẹ́lẹ̀?” Clara bi í.

“Mo tẹ space ni.”

“Space mélòó?”

“Títí tó fi débẹ̀.”

Clara rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. “Abeg, Kúnbi! O ṣì ń tẹ ìwé ìgbéyàwó! Update yẹn ti kó gbogbo space tó ṣófo dànù, ló jẹ́ kí wọ́n ṣubú sí left. Click fọ́tò kọ̀ọ̀kan, wàá rí align right tó máa so ó mọ́ apá ọ̀tún. Orúkọ wọn ńkọ́, ibo lo kọ ọ́ sí?”

“Ọkọ mi ló tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò.”

“Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀ fi dàrú. Kọ orúkọ sínú àpótí tó wà lábẹ́ fọ́tò gan-an. Ibi tí fọ́tò bá lọ, orúkọ á bá a lọ.”

Kúnbi tẹ fọ́tò Màmá, ó tẹ ohun tí Clara wí. Màmá fò kọjá àyè funfun náà padà sápá ọ̀tún, wọ́n tún kọjú sí ọkọ wọn. “Màmá, ẹ káàbọ̀ o!” ni Kúnbi pariwo, òun nìkan nínú ilé. Ó kó àwọn alààyè yòókù padà, ayọ̀ rẹ̀ sì kún.

Ó wá ku orúkọ. Àpótí kékeré náà ṣí sílẹ̀ lábẹ́ fọ́tò Sẹ̀kínát, ó ń dúró dè é. Wàhálà dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fomi tútù wẹ ẹsẹ̀ Kúnbi lẹ́nu ọ̀nà Ilé Olóyin, kò tíì pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sílé náà kó tó débẹ̀. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé Muideen ló tẹ orúkọ níjọ́sí. Kúnbi tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó wẹ̀yìn, ó sì pa á rẹ́. Ta ló ń wò ó? Kò sẹ́nì kankan. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

Ohun tó ń pè wọ́n lẹ́nu ló wá kọ. Sábẹ́ fọ́tò Sẹ̀kínát, ó kọ Ìbàdíàrán. Sábẹ́ ti Alhaji Abdulkabir, Àgùntáṣọọ́lò. Eyínfúnjowó ni ti ọmọ àbúrò wọn tó wà ní Kánádà. Sábẹ́ ti Màmá, ó kọ Ìyá Wa. Àwọn tó ti kú kí ó tó dé ilé náà ni kò rí nǹkan kọ fún. Ó ṣì ń wo àpótí òfìfo wọn nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró níta.

“Òkú tí kò tètè rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ ti dé o!” Ohùn Màmá nìyẹn.

Kúnbi sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ gbọnrangandan. “Màmá, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo . . .”

“Dìde jàre. Ọkọ mi kékeré pè mí láti Ṣakí. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn mi fúnra ẹ̀, ó ní ta ló gbé fóònù. Mo ní èmi òkú ni, mo ń jẹ mọ́ínmọ́ín.” Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín.

Sẹ̀kínát ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó kọjá lọ síbi kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ bá a, ó ń kà á pẹ̀lú ẹnu tó sún jọ. Ó dé ibi fọ́tò tirẹ̀, ó sì dúró.

“Ìbàdíàrán. Èmi nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kí ilé lè tòrò.” Ó tún un kà. Ẹnu tó sún jọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ó yọ fóònù, ó ya ibẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. “Kí wọ́n rí i pé ìyàwó wa mọ èèyàn.”

Màmá ti wọ awò ojú wọn. Wọ́n ní kí Sẹ̀kínát kà á sétí àwọn. Nígbà tí wọ́n dé apá òsì, Sẹ̀kínát ò rí nǹkan kà, Màmá sì yíjú sí Kúnbi.

“Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí ò lórúkọ?”

“Mi ò bá wọn láyé, mà. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá máa pè wọ́n.”

“Èmi mọ̀ ọ́n. Ṣèbí ìyàwó lèmi náà.” Màmá fa àga sún mọ́ ọn. “Kọ ọ́. Adúmáadán lèyí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn, ó sì lè jẹun! Ìyálé mi rèé, Ìyá Olóyin la máa ń pè wọ́n.” Kúnbi ń tẹ̀, àpótí ń kún, títí tó fi ku bàbá tó dé fìlà.

“Kí ni kí n kọ sí ti Bàbá, mà?”

“Bàbá Sẹ̀kínát. Bí mo ṣe ń pè wọ́n nìyẹn tí àlejò bá wà.”

“Tí àlejò ò bá sí ńkọ́, mà?”

Màmá wò ó láti òkè awò. “Ìyẹn ò kan kọ̀ǹpútà.”

Sẹ̀kínát rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Màmá na ìka, wọ́n tọ́ ojú ọkọ wọn, wọ́n tọ́ tiwọn, wọ́n wo àyè funfun tó wà láàárín. “Ẹ̀rọ yìí ò tún ní kó wa kiri mọ́?”

“Ó ti tán, mà. Mo ti so wọ́n mọ́bẹ̀ dáadáa.”

“Kúnbi.”

“Mà.”

“Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá kọjá sọ́hùn-ún lóòótọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ gbé mi. Má jẹ̀ẹ́ kí Sẹ̀kínát náà gbé mi, ọwọ́ rẹ̀ le jù. Ìwọ ni kó o gbé mi, kó o gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.”

Omi lé rọ̀rọ̀ sójú Kúnbi. “Ó máa pẹ́ o, Màmá.”

“Mo mọ̀ pé ó máa pẹ́. Mo kàn ń sọ ẹni tó máa ṣe é ni. Ebi ń pa mí. Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?”

Ògì oníkókó ló wà níbẹ̀. Kúnbi fẹ́ dà á nù kó ro òmíràn, Màmá ní rárá. Wọ́n gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń mu ún díẹ̀díẹ̀, lápá ọ̀tún.