Ibi Tí A Sin Màmá Sí ní Ìdí-Òrí

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣọ́ra. Bí àlejò bá bi ọ́ pé níbo ni oko bàbá rẹ ti bẹ̀rẹ̀, má yára dá a lóhùn. Kọ́kọ́ bi í, kí ló fẹ́ fi ṣe? Èmi ò bi í.

Latifou ni mí. Mò ń gbé ní àdúgbò Plateau, ní ìlú Sábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Ìdí-Òrí ni wọ́n ti bí mi, abúlé kan lẹ́yìn Bessé. Kò sí mọ́. Kànga gbẹ, ilé ẹ̀kọ́ jìnnà, kálukú di ẹrù rẹ̀. CE2, kíláàsì kẹrin, ni mo ka ìwé dé, fojú fo àṣìṣe mi.

Oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun ò mọ̀ pé ènìyàn gbé ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ni mo bá là á sílẹ̀: ibi tí a ti máa ń ṣa èso òrí ní kùtùkùtù, kí ewúrẹ́ tó jí, oko bàbá wa, Bàbá Ọláìtán, tí gbogbo ilé á pé sí lọ́jọ́ àáró láti kọ ebè, tí a ó sun iṣu jẹ níbẹ̀, tí epo á máa ro dé ìgbọ̀nwọ́ wa. Inú mi ń dùn. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi gan-an ni mo fẹsẹ̀ wọn ààlà fún un!

Wọ́n ti fi ààlà tí mo wọ̀n ta ibẹ̀. Tirakító ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ibojì Màmá ló ń já mi láyà. Kò sí símẹ́ńtì lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi Àríkẹ́ nìkan ló kù tó mọ ojú ibẹ̀. Mo sáré lọ bá a ní Ofè. Ó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀gá afinimọ̀nà! Ààlà ta lo tún wọ̀n lónìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ júwe ibi tí Màmá wà fún mi, kí n gbé e kúrò kí tirakító tó dé."

"Ta ni yóò bá ọ gbẹ́ ẹ?"

Mo wẹ̀yìn. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkùnrin yẹn... ó ní òun á fún mi ní òṣìṣẹ́ méjì, bí mo bá lè fi ibẹ̀ han òun."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "O tún ti sọ fún un pé Màmá wà níbẹ̀?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Latifou, ó ku ohun kan ṣoṣo ní Ìdí-Òrí tí wọn ò tíì mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tirakító á gba orí rẹ̀ kọjá!"

"Kó gbà á kọjá. Ẹni tó ń wà á ò ní mọ orí ẹni tó ń gbà."

"Èmi ńkọ́? Ṣé èmi náà kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni?"

Ó yí àpótí tó jókòó lé, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.