Ìbéèrè Kẹrin

Fìlà Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ bọ́. Ó yí gbirigbiri lórí pápá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóònù pupa tí wọ́n fi sàmì ibi tí èèyàn ti máa ṣẹ́rí padà. Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú síwájú bí ẹni tó fẹ́ forí kanlẹ̀ lórí ìrun.

Aago ọwọ́ Ọpẹ́yẹmí, ẹlẹgbẹ́ Fawziyah ní kíláàsì, ṣì ń kà á lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀. Fawziyah ju pátákó ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá bàbá tó bí bàbá rẹ̀.

Ọdún kẹrin rèé tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Ẹdẹ. Ní Alájùé, níbi tí Bàbá Àgbà ti ń dáko, àwọn kan ṣì gbà pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kọ́ ọ ní gbígbá. Bàbá Àgbà nìkan ni kì í rẹ̀ láti ṣàlàyé pé iṣan àti ọkàn èèyàn ni ọmọ òun ń kà. Iṣẹ́ ìwádìí tí Fawziyah máa fi jáde ló kù báyìí: àgbàlagbà méjìlá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún máa rìn láàárín kóònù méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, òun á wọn ibi tí wọ́n rìn dé, á sì ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Mọ́kànlá ti rìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá Àgbà ni ìkejìlá.

Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ìkẹrin ni pé, ṣé ẹ ti jẹun lónìí, aago mélòó sì ni? Dókítà Adébísí, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ Fawziyah, kò fi fọ́ọ̀mù yìí ṣeré rárá. Ó ti kìlọ̀ pé ẹni tí òun bá ká mọ́ ibi tó ti ń dáhùn fún ẹlòmíì, òun á da iṣẹ́ rẹ̀ nù, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún un bẹ̀rẹ̀. Fawziyah gbọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó bi àgbàlagbà kan ní ìbéèrè mẹ́wàá, ojú á pọ́n ọ. Ẹni tí o bi bóyá ó ti jẹun á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá ìwọ náà ti jẹun, á bi ọ́ ní agbo ilé yín, á sì sọ fún ọ pé òun mọ ìyá ìyá rẹ. Ẹni àkọ́kọ́ gbà á tó ìdajì wákàtí. Ó sú u. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì dáhùn fún àwọn mọ́kànlá tó kù lẹ́ẹ̀kan náà.

Láàárọ̀ òní, nígbà tí Bàbá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti pé. Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀, lẹ́tà kéú nìkan sì ni Bàbá Àgbà mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

“Ìbéèrè lásán ni, Bàbá Àgbà. Ẹ kàn kọ orúkọ yín.”

Ó kọ ọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí òsì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọba. Fawziyah wá sọ fún un pé bó bá ṣe rìn jìnnà tó ni iṣẹ́ náà á ṣe dára tó. Ìdí nìyẹn tí bàbá arúgbó fi ń rìn bíi pé wọ́n ń lé e.

Wọ́n yí i sí ẹ̀yìn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Dókítà Adébísí, tó ti ń wò wọ́n látẹ̀gbẹ́ pápá, sáré dé, ó gún un lọ́mọ ìka díẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì mi orí: ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ó mú fọ́ọ̀mù nílẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n kọ pé ó jẹun. Ọpẹ́yẹmí ti po gúlúkóòsì sínú ife, wọ́n gbé e sí Bàbá Àgbà lẹ́nu. Bàbá Àgbà pa ètè dé, ó gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìgbà yẹn ni Fawziyah rántí ọjọ́ tí wọ́n wà. Ọjọ́ Àlàmísì ni. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé àwọn àgbà ilé àwọn máa ń gba ààwẹ̀ nọ́fílà, èyí tí kì í ṣe dandan, ní Àtìní tàbí Àlàmísì, ó sì mọ̀ pé ẹni tó ń gbà á kì í pariwo rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀, o máa bi í ni, nítorí kò ní purọ́ lẹ́nu ààwẹ̀. Dókítà Adébísí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, lè má mọ èyí. Òun ńkọ́? Ìbéèrè kan péré ni.

Ó sọ̀rọ̀ sí i létí. “Bàbá Àgbà, ẹ ń gbààwẹ̀?”

Bàbá Àgbà pa ojú dé, ó là á. Fawziyah bẹ̀ ẹ́ pé ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, pé Ọlọ́run kò ní bínú. Ó ṣe bísímílà, ó sì mu ún.

Nígbà tó lè jókòó, Dókítà Adébísí lóṣòó níwájú rẹ̀. “Bàbá, ọmọ yìí kọ ọ́ síbí pé ẹ jẹun láàárọ̀. Ṣé ó bi yín?”

Fawziyah tẹjú mọ́ ife òfìfo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Àgbà wò ó, ó wo ìwé náà, ó wo orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé.

“Ó bi mí,” ó ní. “Èmi ni mo sọ pé mo ti jẹun.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Lójú Ọpẹ́yẹmí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pé jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Bàbá Àgbà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ kékeré wí: pé irú irọ́ báyìí lè gba ẹ̀mí èèyàn, pé kí ló fẹ́ kí òun sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ká ní nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí kò sẹ́ni tó pè é ní onírọ́ rí ní gbogbo Alájùé, tẹ orí ba. Ó ní kí wọ́n má bínú.

Ojú ti Fawziyah débi pé kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ó lọ mú fìlà nílẹ̀, ó ń gbọn iyanrìn tí kò sí lára rẹ̀ mọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé, lábẹ́ ìtìjú yẹn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti bọ́. Ó mọ̀ pé ọkàn òun balẹ̀, ìyẹn sì tún dá kún ìtìjú náà.

Nọ́ọ̀sì inú ọgbà yẹ Bàbá Àgbà wò, ó ní kó lọ jẹun, kó sì sinmi. Fawziyah pe kẹ̀kẹ́ Márúwà, ó fi gbé e lọ sílé. Gbogbo ọ̀nà ni oníkẹ̀kẹ́ fi ń ráhùn nípa kòtò títì.

Ìyá Àgbà Sìmbíátù, ìyàwó Bàbá Àgbà, po ògì, ó ń jà bó ṣe ń rò ó. Ó dúró kí Bàbá Àgbà wọ yàrá lọ ná. “Mo ní kó fi tòní sílẹ̀ nítorí ìrìn yẹn. Ó ní kò ṣe é fi sílẹ̀.”

Fawziyah bi í pé kí ló dé.

“Àṣé o ò mọ̀? Láti ọjọ́ tí orúkọ rẹ ti jáde ní yunifásítì ló ti ń gbà á. Gbogbo Àlàmísì. Ó ní títí o fi máa parí ni. Èmi kọ́ ni mo sọ fún ọ o.”

Fawziyah bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àlàmísì ọdún mẹ́rin lọ́kàn, kò lè kà á tán. Ọwọ́ òun ló gbé ife tó já ààwẹ̀ tòní. Nítorí òun ni irọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ó kó àwọn fọ́ọ̀mù jáde nínú báàgì. Ti ẹni àkọ́kọ́ wọ́ gẹgẹrẹ, ó kún fún ibi tó ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́: iṣu sísè, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Mọ́kànlá tó kù bára mu rẹ́gí. Bẹ́ẹ̀ ni, aago méje ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, aago méje ààbọ̀. Ó rántí ìyá kan láti Sẹ́kọ́nà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń tẹ̀ka. Kò bi í ohun tó ń gbọ̀n án lọ́wọ́.

Ó jáde sọ fún oníkẹ̀kẹ́ tí kò tíì lọ pé kó dúró de òun, òun ń padà sọ́dọ̀ Dókítà. Ó mú fọ́ọ̀mù kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì wọlé lọ bá Bàbá Àgbà lórí ẹní.

“Mítà mélòó ni mo rìn?” ni Bàbá Àgbà kọ́kọ́ bi í.

“Irínwó ó lé mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó yára tó yín nínú wọn.”

Inú rẹ̀ dùn. Fawziyah kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní. Bàbá Àgbà dáhùn, ó bi í pé ṣé ìwọ náà ti jẹun, Fawziyah ní òun kò tíì jẹun. Wọ́n dé ìkẹrin.

“Ṣé ẹ ti jẹun lónìí, kí ẹ tó rìn?”

“O ṣáà mọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.”

Bàbá Àgbà gbé ife ògì sílẹ̀. “Rárá.”

Ó kọ ọ́. “Bí mo bá fi èyí lé wọn lọ́wọ́, Bàbá Àgbà, mi ò ní parí lọ́dún yìí.”

Bàbá Àgbà tún gbé ife náà. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu etí ife.

“Àlàmísì ò tíì tán,” ó ní. Ó wá rí i pé òun ti sọ ọ́ jáde, ó sì wo ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí Ìyá Àgbà ti ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Wọ́n parí mẹ́fà tó kù. Fawziyah na bírò sí i. Bàbá Àgbà gbà á, ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró.

“Kà á fún mi ná.”

Fawziyah kà á fún un ní Yorùbá, láti òkè wá. Nígbà tó dé ìbéèrè kẹrin, ó kà á, ó ka ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì dúró kí Bàbá Àgbà mi orí kó tó bọ́ sí ìkarùn-ún.