Àkúdàáyà inú Rólù Kejì

Ní Nyanya, lọ́dún 1987, bí fíìmù tuntun bá dé ilé fídíò Sàkáríyà, àwọn èèyàn kì í tètè wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tí Jàbárù sọ nípa rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Jàbárù. Ọ̀dà ló ń kùn sára àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Àbújá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ti àsàlátù dé tí wọ́n sì jẹun tán, àwọn ọkùnrin á kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, òun náà á sì máa dá fíìmù lẹ́jọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹkún àwọn ará Íńdíà máa ń pọ̀ ju ohun tó ṣe wọ́n lọ, àti pé òjò kì í rọ̀ lọ́dọ̀ wọn àfi bí ọmọge bá wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ní nínú fíìmù Ṣáínà, bí ẹ bá ti rí ọ̀gá onírùngbọ̀n funfun tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ yáa bá a gbẹ́ sàréè sílẹ̀. Fíìmù Yorùbá ló fẹ́ràn jù, òun náà ló sì máa ń bú jù. Ó ní òṣèré wa tó bá fẹ́ kú á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ bóyá ó mọ́.

Ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò mọ̀ ni pé Mùlíkàt ìyàwó rẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Aránṣọ ni Mùlíkàt, ojú rẹ̀ sì ti mọ́ wíwo nǹkan fínnífínní. Bí wọ́n bá ń ti ilé fídíò bọ̀, á máa sọ ohun tó rí fún ọkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ òṣèré tó ń wo ilẹ̀ kó tó kú. Ọjọ́ Ẹtì ló sọ ọ́, nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀, àwọn ọkùnrin sì ń di ògiri mú nítorí ẹ̀rín. Kò bínú nígbà náà. Ọdún kẹsàn-án tí wọ́n fẹ́ra nìyẹn, ọmọ kò tíì dé, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé obìnrin tí kò tíì bímọ kì í bá ọkọ jà nítorí ẹ̀rín lásán.

Ní oṣù kọkànlá ni ìròyìn kan dé tí kò jẹ́ kí Jàbárù sùn dáadáa mọ́. Láníyì, ọ̀gá tó ń gbé fíìmù ara rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, tó ń fi ẹ̀rọ ńlá tàn án sára aṣọ funfun, ń bọ̀ ní Nyanya. Ọjọ́ Àìkú méjì ni wọn yóò fi hàn án ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Láníyì sì ránṣẹ́ ṣáájú pé òun ń wá aṣojú ní Àbújá, ẹni tí yóò máa bá òun gba gbọ̀ngàn, tí yóò máa polówó, tí yóò sì máa dìde bá èrò sọ̀rọ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Jàbárù ti lé lógójì ọdún. Òórùn ọ̀dà ti wọ̀ ọ́ láyà, ikọ́ kì í sì í fi í sílẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí òun bá rí iṣẹ́ yìí, òun kò ní gun àkàbà mọ́ láyé. Àdúrà kan ṣoṣo tó ń gbà nìyẹn, Mùlíkàt sì ń ṣe àmín sí i tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, Láníyì fúnra rẹ̀ ṣì wà ní Jọ́ọ̀sì. Àlímì, ọkùnrin tó ń bá a yí ẹ̀rọ, ló rán wá. Rólù mẹ́rin ni wọ́n ká fíìmù náà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú agolo pẹlẹbẹ tirẹ̀. Ẹfun ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sára agolo, àwọn agolo sì ti fi ara ha ara wọn nínú ọkọ̀ títí ẹfun fi pa rẹ́. Àlímì kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fojú díwọ̀n rẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ìtàn ọlọ́jà aṣọ kan ni. Ní rólù kìn-ín-ní, ó wà nílé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣeré. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, àìsàn kọ lù ú, ó kú, wọ́n sin ín, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin láti lọ ti ṣọ́ọ̀bù tó ní síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀dà yẹ́lò ni wọ́n fi kùn ún. Àlímì pààrọ̀ rólù. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tún tàn sára aṣọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ló jókòó ní Ìlọrin yìí, tó ń jẹyán, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọge.

Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀, ó jáde. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣàlàyé irú rẹ̀ fún. Ẹni tó kú nílé, tí wọ́n sin, tí wọ́n tún wá rí i nílùú mìíràn tó ń tajà tó sì ń fẹ́yàwó, tí yóò sì sá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá dá a mọ̀, àkúdàáyà ni. Jàbárù dìde dúró láàárín èrò, ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Nínú rólù yẹn kan náà, ọlọ́jà aṣọ pe ẹnì kan pé kó wá kun ṣọ́ọ̀bù òun. Jàbárù fi akunlé náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹni ń ro ẹ̀kọ ló ṣe di búrọ́ọ̀ṣì mú. Àmọ́ ògiri ni Mùlíkàt ń wò. Ṣìmẹ́ǹtì lásán ni ògiri náà, igi máńgòrò yẹn kan náà ló wà lẹ́bàá rẹ̀, ọ̀dà yẹ́lò sì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kùn ún. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti kùn, tí wọ́n sì ti tì lẹ́yìn òkú, báwo ni yóò ṣe tún di ṣìmẹ́ǹtì?

Nígbà tí wọ́n padà dé, ọkùnrin mọ́kànlá ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlímì náà wà láàárín wọn, torí wọ́n ní kó wá jẹun. Jàbárù ń ṣàlàyé àkúdàáyà lọ ràì. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń wo fíìmù, òun kò rí ọlọ́gbọ́n tó fi òkú ṣáájú ìgbéyàwó báyìí rí. Mùlíkàt gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi, ó dà bí ẹni pé rólù ló ṣáájú ara wọn. Ọ̀dà ti wà lára ṣọ́ọ̀bù yẹn kí akunlé tó dé ibẹ̀."

Jàbárù wò ó. Ó wo àwọn ọkùnrin. Gbogbo wọn ń dúró de ohun tí yóò sọ, kò sì sí ohun tí Jàbárù fẹ́ràn láyé tó ìyẹn.

"Obìnrin tí kò rí nǹkan kan nínú ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án," ó ní, "inú rólù ló wá fẹ́ rí."

Sàkáríyà onífídíò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin bíi méjì wo ilẹ̀. Jàbárù kọjú sí Àlímì, ó bi í bóyá irọ́ lòun pa. Àlímì, tó ti mọ àṣìṣe rẹ̀ láti ìgbà tí òkú ti jókòó ti iyán, gbé òkèlè mì, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n."

Ẹyin lohùn. Mùlíkàt gbé omi náà sílẹ̀, ó wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sì rán nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé mùdùnmúdùn. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ iye ọ̀nà tí wọ́n ti tọ̀ nítorí ọmọ, àti iye ìgbà tí Jàbárù fúnra rẹ̀ ti sunkún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun náà ló wá fi pa àwọn ọkùnrin lẹ́rìn-ín yìí.

Ní Ọjọ́rú, Àlímì gbé aṣọ funfun tí wọ́n ń tan fíìmù sí wá fún un, etí aṣọ náà kan ti ya. Mùlíkàt ń rán an, ó sì ń bi í léèrè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí Àlímì fi dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni, òun gbé rólù kẹta ṣáájú ìkejì. Pé kò sí àkúdàáyà kankan, ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ ìyàwó kejì ní ìkọ̀kọ̀ ni, kó tó wá kú. Ó ní bí Láníyì bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ìyàwó òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Òṣogbo. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, òun yóò tò ó bó ṣe yẹ. Mùlíkàt fi eyín já òwú, ó ní òun kò ní sọ fún Láníyì.

Nígbà tí Àlímì lọ tán ló tó rò ó síwájú. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí rólù kankan tó yí ni wọn yóò pe Jàbárù sórí pèpéle, kí Láníyì lè fi dán an wò fún iṣẹ́ aṣojú. Iwájú ẹni tó ṣe fíìmù náà ni yóò ti máa ṣàlàyé òkú tí kò kú. Gbólóhùn kan péré lè gbà á là, ẹnu Mùlíkàt sì ni gbólóhùn náà wà. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó fẹ́ sọ ọ́, Jàbárù sì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò níwájú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Mùlíkàt pa ẹnu mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Jàbárù wá bá a gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn méjì péré ló wà nílé. Ó jókòó tì í, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní, "Mùlíkàt, ojú rẹ mú. Kí lo rò pé mo lè fi kún ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú?"

Ká ní ó tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà, ìtàn yìí ì bá máà sí. Kò tọrọ rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí pé òun sọ nǹkan kan.

"Ẹ fi àkúdàáyà bẹ̀rẹ̀," ni Mùlíkàt wí. "Ẹ sì má gbàgbé akunlé yẹn. Iṣẹ́ yín ni, wọ́n á gbọ́ yín dáadáa níbẹ̀."

Jàbárù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Mùlíkàt rán dàńṣíkí tuntun fún un, ó fi òwú funfun ṣe iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Kò rán aṣọ tó gún tó bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Gbọ̀ngàn kún títí dé ojú fèrèsé lọ́jọ́ Àìkú kejì. Láníyì jókòó níwájú, ọkùnrin gíga kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Jàbárù gorí pèpéle nínú dàńṣíkí rẹ̀, ó kí gbogbo èèyàn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó yin Láníyì pé ó gbójú gbóyà láti sin èèyàn ní rólù kejì kó tó jẹ́ kó fẹ́yàwó ní rólù kẹta. Ó sọ bí àkúdàáyà ṣe ń tajà, bí àkúdàáyà ṣe ń jẹyán, ó sì fara ṣe bí akunlé ṣe di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ó ní akunlé lòun náà, kò sí ohun tí ojú òun kì í rí lára ògiri. Èrò pàtẹ́wọ́ fún un.

Láníyì kò pàtẹ́wọ́. "Àkúdàáyà wo?" ó ní. "Kò sí òkú tó jí nínú fíìmù mi."

Láníyì wẹ̀yìn wo ìdí ẹ̀rọ. Ojú Àlímì ti sọ gbogbo rẹ̀ kó tó la ẹnu. Láníyì wá kọjú sí èrò, ó bi wọ́n bóyá nínú gbogbo àwọn tó wò ó lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó rí i pé rólù ṣáájú ara wọn.

Mùlíkàt dìde, ó kúnlẹ̀ kí i. "Mo rí i, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù ti yẹ́lò kí wọ́n tó kùn ún. Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ náà."

"Ta ni ọkọ yín?"

"Òun ló wà lórí pèpéle yẹn."

Ẹni kan láti ẹ̀yìn ní, "Kai, Jàbárù," ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà ò tán bọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ rọlẹ̀, ẹnì kan á tún fara ṣe bí ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì mú, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Jàbárù rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle nínú dàńṣíkí tuntun. Sàkáríyà tó bá a rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló rẹ́rìn-ín jù, Sàkáríyà náà ni Láníyì sì fi ṣe aṣojú nígbà tí fíìmù parí. Ní ti Àlímì, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Mùlíkàt títí. Mùlíkàt ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún Láníyì, gbogbo gbọ̀ngàn ló wá sọ fún. Ó ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí yóò ṣe rí nìyẹn, ó sì dìde bẹ́ẹ̀ náà.

Nílé, Jàbárù bi í pé ọjọ́ wo ló ti mọ̀. Mùlíkàt ní Ọjọ́rú ló dá òun lójú.

"O sì jẹ́ kí n lọ."

"Ẹ ti ní mi ò rí nǹkan kan," ni Mùlíkàt dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe Jàbárù lórúkọ mọ́ ní Nyanya. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, níbi omi ẹ̀rọ, títí kan ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ Àìkú. Kí oṣù tó parí, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú báàgì lẹ́yìn tó kírun àárọ̀ tán, ó sì lọ láì dágbére.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ sópin, Bùsàrí awakọ̀, tó ń kó pákó láti Lafia, wá bá Mùlíkàt nídìí ẹ̀rọ. Ó ní òun rí ọkọ rẹ̀ ní Lafia, nílé fídíò kan, èrò pé lé e lórí, ó ń dá fíìmù lẹ́jọ́ fún wọn. Ó ní ara rẹ̀ ti ń le, pé obìnrin kan tilẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún un. Bùsàrí rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun mú wá.

Mùlíkàt kò gbé ojú sókè. Ó bi í bóyá àwọn ará Lafia mọ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Nyanya. Bùsàrí ní wọn ò mọ̀.

"Bí ẹ bá padà débẹ̀," ó ní, "ẹ bá mi kí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pé jọ dáadáa kí ẹ tó pè é ní Àkúdàáyà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn."

Bùsàrí rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ fẹ́ràn ìtàn tó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì jíṣẹ́ náà pé pérépéré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà wá sọ pé ilé fídíò fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín, pé nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, Jàbárù ti kúrò ní Lafia, obìnrin náà kò sì mọ ibi tó gbà.

Mùlíkàt kí i pé ó ṣeun. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé ó bà á lẹ́rù. Ó tún òwú fi sójú abẹ́rẹ́, ó sì bi Bùsàrí pé ìlú wo ni yóò tún máa na lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.